Òkìtì Kòkó Mẹ́sàn-án

Ọlámojú ló fi í ránṣẹ́ láti Minisóta,
tẹmómítà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, funfun bí eyín ọmọdé,
inú ìbọ̀sẹ̀ ló dì í sí kó má baà fọ́.
A ò lò ó títí ọyẹ́ fi dé,
títí di òru ọjọ́ kan ní Ìsinkàn
tí ara Akíntádé, ọmọ rẹ̀, gbóná bí ojú ààrò.

Mo kì í bọ abẹ́ abíyá rẹ̀. Ó dún fín-ín.
Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

Ẹ wò ó, ilé-ìwé mọ́dà ni mo kà mọ,
ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí tíṣà wa wí:
ní ọgọ́rùn-ún ni omi ń hó.
Mo wo ọmọ ọdún mẹ́rin lórí ẹní,
mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti hó kọjá híhó,
ó ti ń di èéfín, ó ń bá ojú fèrèsé lọ.
Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ọlámojú,
ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń hó, ṣé á máa bèèrè bisikíìtì?"

A lọ jí Ìyá Fadérera, ògiri kan ló là wá,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ṣì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀dù.
Ó wo nọ́ńbà náà, ó fi imú rẹ́rìn-ín:
"Farinháìtì nìyí. Ẹ yọ méjìlélọ́gbọ̀n kúrò níbẹ̀ ná."
Kí ló dé tó fi jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n?
"Ibẹ̀ ni omi tiwọn ti ń dì. Tiwa ń dì ní òdo.
Ẹ má bi mí mọ́. Ẹ mú kòkó wá."

Fóònù ti kú, iná ò sí láti ìjẹta.
Mo tú ẹnu àpò, mo ń ka kòkó gbígbẹ lábẹ́ àtùpà,
èmi tí mo ti ń bá kòkó ṣírò
láti ọdún tí pọ́n-ùn di kílò,
tí àpò wa ò dín ẹyọ kan, tí iye rẹ̀ wálẹ̀ lórí ìwọ̀n,
tí bàbá mi na akọ̀wé.

Méjìléláàádọ́rin. Ó ní kí n pín in sí òkìtì mẹ́sàn-án.
Mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ẹyọ kan yí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a wá a.
"Ẹ ti òkìtì mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìyókù."

Ogójì.

Mo fẹ́ yọ̀. Ó dà bí gbèsè tí wọ́n dín kù fún ni.
Ṣùgbọ́n Ìyá Fadérera ti ń wọ bàtà.
"Ogójì ò kéré lára ọmọ. Ẹ wá ọ̀kadà."

Ọyẹ́ ń fẹ́ lójú títì ọsibítù ìjọba,
ọmọ wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà,
àyà mi ń jó, ẹ̀yìn mi ń dì,
n kò mọ iye tí ìkankan jẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ ti balẹ̀, Ọlámojú pè.
Ó ní ọgbọ̀n ni lọ́dọ̀ àwọn.
Mo ní ọgbọ̀n náà ni níbí, abẹ̀bẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Bàbá, ọgbọ̀n tiwa, omi ti dì nínú garawa."

Ó ní ibì kan wà tí òǹkà méjèèjì ti ń pàdé,
ogójì nísàlẹ̀ òdo;
bó o pè é ní Farinháìtì, bó o pè é ní Sẹ́lísíọ́sì, ọ̀kan náà ni.
Mo ní ta ló ń gbé irú ibẹ̀?
Ó dákẹ́.
"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá mi, àwa ni."

Òkìtì mẹ́rin yẹn ṣì wà nílẹ̀, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n kó o.
Akíntádé mú ẹyọ kan sẹ́nu láàárọ̀ yìí.
Ó tu ú dà nù. Ó ní ó korò.